Ewú Inú Àpò Ìwé

"Bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọmọ yín bá kú sẹ́nu iṣẹ́ ojú irin yìí, ọkọ̀ ojú irin ni yóò gbé òkú rẹ̀ wá fún yín ní Lómé. Mo fi orúkọ ilẹ̀ Faransé ṣe ìlérí."

Báyìí ni Kọmandan, òyìnbó Faransé tí ń ṣàkóso wa, wí ní oṣù kìíní ọdún 1931, lórí àtẹ̀gùn bírò rẹ̀, níwájú àwa ọmọ Ifẹ̀ ilẹ̀ Togo tí a ti Atakpamé wá tẹ̀dó sí Lómé. Raphaël, ògbufọ̀ rẹ̀, ọmọ Ifẹ̀ bíi tiwa, ni ó túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Mo gbọ́ Faransé kí ìtumọ̀ tó dé. Ìtumọ̀ náà kò dín, kò sì lé. Àwọn àgbà pàtẹ́wọ́.

Wọ́n kó ọgọ́ta ọkùnrin lọ la igbó fún ojú irin tí ń lọ sí Blita ní àríwá. Àwọn ọ̀dọ́ nìkan ni wọ́n ní àwọn ń kó. Ẹ̀gbọ́n mi, Augustin, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, wà nínú wọn.

Ní oṣù kẹta, ẹni àkọ́kọ́ kú. Òkú rẹ̀ kò dé. Kí ìyá rẹ̀ lè rí nǹkan sin, àwọn àgbà wa lọ bá Kọmandan tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Wọ́n ṣàlàyé fún un pé lọ́dọ̀ tiwa, bí ènìyàn bá kú sí ọ̀nà jíjìn tí kò sì sí bí a ṣe lè gbé e, a máa ń gé irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ wá sílé, a ó sì sin ín bí ẹni sin òkú. Àánú ìyá kan ni ó mú wọn sọ ọ́. Kọmandan mú kálámù, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, àpò ìwé tí a di irun sí ni ó ń dé.

Tiwa dé ní oṣù kẹsàn-án. Mo tẹ̀lé Àrìnpé, ìyá mi, lọ sí bírò.

"Bọ̀nsúù, Ìyá," ni Raphaël wí. "Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ tẹ̀ka síbí."

"Òkú ọmọ mi dà?"

"Òun nìyí." Ó na àpò ìwé kan sí i.

"Raphaël, èmi ni mo pọ̀n ọ́ nígbà tí ìyá rẹ ń ṣàìsàn. Mo ní, òkú ọmọ mi dà?"

"Ẹ má bá mi jà, Ìyá. Ṣé èmi ni mo ni ojú irin? Ẹnu ẹ̀yin àgbà ni a ti gbọ́ pé irun tó."

Ìyá mi tẹ̀ka. Nílé, ó tú àpò ìwé náà níwájú Sẹ̀kínátù, oníṣòwò aṣọ ará Ìlọrin tí a jọ ń gbé àgbàlá kan. Sẹ̀kínátù ni ó kọ́kọ́ rí i.

"Yéè! Ewú ni! Augustin tí mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé irùngbọ̀n kọ̀ láti hù fún un? Ìyá Augustin, irun arúgbó ni wọ́n gé fún yín!"

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Funfun ni gbogbo rẹ̀, ó rí bí òwú.

Ọjọ́ mẹ́jọ ni ìyá mi kò fi lọ sí mísà, kò sì fọwọ́ kan ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà rẹ̀. Èmi ń kọ lẹ́tà ẹ̀sùn. Mo fẹ́ gbé àpò náà ka orí tábìlì Kọmandan, kí n bi í léèrè orúkọ ẹni tí ó ni irun.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Paul wá, bàbá àgbàlagbà tí ó ń kọ́ wa ní katikísì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó jókòó sórí ẹní.

"N kò wá rọ̀ ọ́, Àrìnpé. N kò mọ ohun tí a fi ń rọ irú èyí."

"Kí wá ni ẹ wá ṣe, Bàbá?"

"Mo wá gbàdúrà. Bí o kò bá fẹ́, n ó kàn jókòó."

Ó bẹ̀rẹ̀ Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ jẹ́jẹ́. Nígbà tí ó dé ibi àjíǹde òkú, ìyá mi gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ dúró níbẹ̀. Òkú tí a kò rí ńkọ́?"

"Àdúrà náà kò sọ pé òkú tí Kọmandan bá rí nìkan ni yóò jí."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ìyá mi lójijì; ẹkún ni ó sì parí sí.

"Ọlọ́run mọ ibi tí Augustin wà, nígbà náà."

"Ó mọ̀ ọ́n."

"Ó mọ ẹni tí ó ni ewú yìí."

"Ó mọ̀ ọ́n lórúkọ."

Ó dìde, ó mú àpò ìwé náà, ó ní òun ń lọ sin ewú náà. Mo dí ẹnu ọ̀nà.

"Ìyá, ẹ̀rí wa nìyẹn! Bí ẹ bá sin ín, kí ni n ó fi hàn wọ́n?"

"Bàbá ẹnìkan ni. Bí irun Augustin bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn lónìí, ṣé kí ó fi jà ni, tàbí kí ó sin ín?"

Mo kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Sẹ̀kínátù ya aṣọ funfun. A sin ewú náà sí itẹ́ òkú tí ó wà létí òkun, Paul sì gbàdúrà. Ìyá mi dárúkọ Augustin, lẹ́yìn náà ó ní, "àti bàbá tí Ìwọ mọ̀." Ní ọjọ́ Ìsinmi, ó padà sí mísà. Ìrètí tí ó rí kò gba ẹkún lójú rẹ̀. Ó ń jẹ́ kí ó lè dìde láàárọ̀.

Ojú irin dé Blita. Kọmandan gba àmì ẹ̀yẹ, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó lọ. Nínú ọgọ́ta ọkùnrin, mọ́kàndínlógún kò bọ̀. Ọkọ̀ ojú irin kò gbé òkú ẹnikẹ́ni nínú wọn wá sí Lómé.