Fóònù Topo Kì Í Sùn Nílé

"Àbí iwin ló ń gbé ibẹ̀?" Ọ̀gbẹ́ni Jayéọlá fi ẹ̀yìn bírò kan ojú kọ̀ǹpútà. "Ìbídùn, ìwọ lo ya máàpù yìí. Wò ó. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, gbogbo Badagry a máa tàn yanran. Topo tó wà lódìkejì ọ̀sà nìkan ló dúdú bí ìdí ìkòkò."

Òótọ́ ni, Ìbídùn ló yà á. Ilé iṣẹ́ fóònù kan ló fún káńsù ní dátà tó ń fi ibi tí fóònù ń sùn hàn, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Òun ló tò ó, tó sì fi iná kékeré sàmì síbi tí fóònù bá pọ̀ sí, kí káńsù lè mọ ibi tó yẹ kí nọ́ọ̀sì wà. Ìgbìmọ̀ ìlera yóò jókòó lọ́la. Bí wọ́n bá gba máàpù náà gbọ́, wọ́n á ti ilé ìlera Topo pa, wọ́n á sì kó nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ kúrò.

"Ọ̀gá, mo máa ń rí èéfín níbẹ̀ nírọ̀lẹ́ láti etí ọ̀sà. Ta ló ń dáná?"

"Èéfín kì í ṣe dátà. Èéfín lo lọ kọ́ ní yunifásítì ni? Wá lọ́la, ka ohun tí o kọ, kí o sì jókòó."

Nígbà tí Ìbídùn kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbà á lọ sílé. Ó gba etí ọ̀sà lọ, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù Nurat, ọmọbìnrin tó máa ń bá àwọn ènìyàn ti fóònù bọ iná. Bó ṣe ń wá fóònù rẹ̀ jáde nínú báàgì, ọkọ̀ ojú omi kan gúnlẹ̀. Dosu tó ń wà á sọ̀ kalẹ̀ tòun ti ike onídèérí kan. Fóònù ló kún inú rẹ̀. Wọ́n fi ọ̀rá wé ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi àkísà tí wọ́n ya lára ìró tàbí ṣòkòtò ẹni tó ni ín so ó.

"Nurat, àwọn ọmọ ẹ dé o." Ègùn ń yọ lẹ́nu Dosu bó ṣe ń sọ Yorùbá.

"Ta ló ni gbogbo eléyìí?" Ìbídùn béèrè.

"Àwa ará Topo ni. Kò síná lọ́dọ̀ wa. Alaalẹ́ ni mò ń kó wọn wá. Wọ́n á sùn sọ́dọ̀ Nurat. Láàárọ̀, bí àwọn ìyàwó wa bá gbẹ́ja wá, wọ́n á kó àwọn fóònù náà padà sílé."

"Àwọn tó ni wọ́n ńkọ́? Níbo ni wọ́n ń sùn?"

Dosu wò ó bí ẹni tó béèrè ibi tí ẹja ń gbé. "Ilé wọn ni, Àǹtí. Àbí ẹ fẹ́ kí gbogbo wa wá sùn sórí bẹ́ǹṣì Nurat?"

"Pẹ̀lú bẹ́ ẹ ṣe máa ń hanrun yẹn?" ni Nurat wí. "Ẹ má débẹ̀."

Ìbídùn kò rẹ́rìn-ín. Lórí máàpù rẹ̀, etí ọ̀sà yìí gan-an ló mọ́lẹ̀ jù. Òtẹ́ẹ̀lì ló rò pé ó wà níbẹ̀. Ó pe Ọ̀gbẹ́ni Jayéọlá lójú ẹsẹ̀, ó ṣàlàyé fún un.

"Alága káńsù ti rí máàpù, ó ti tẹ́ ẹ lọ́rùn," ni ọkùnrin náà wí. "Wọn ò tíì gbà ọ́ síṣẹ́ pátápátá o. Má fọwọ́ ara rẹ ṣe ara rẹ."

"Ọ̀gá, fóònù ni mo kà, n kò ka ènìyàn."

"Bí o bá gbé ọ̀rọ̀ mìíràn wá sí ìpàdé lọ́la, má padà sí ọ́fíìsì mi."

"Mo ti gbọ́, sà. Màá gbé e wá."

Nígbà tí Ìbídùn wà lọ́mọdé ní Èkìtì, ẹnì kan tí kò dé abúlé wọn rí ló ní kí wọ́n ti ilé ìlera wọn pa. Ọ̀kadà ni wọ́n fi gbé ìyá rẹ̀ lọ bímọ nínú òjò. Aṣọ àǹkárá aláwọ̀ ewé ni bàbá rẹ̀ fi dì í mọ́ ẹ̀yìn ọlọ́kadà kó má baà jábọ́. Ọmọ náà kò ké.

"Ṣé ẹ̀ ń padà sí Topo báyìí?" ó bi Dosu.

"Ibẹ̀ náà ni."

"Ẹ gbé mi. Ìròyìn ò tó àfojúbà. Mo fẹ́ yà nílé kọ̀ọ̀kan, kí n rí ẹni tó ń sùn níbẹ̀ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ mú ikùn yín dání o. Ilé tẹ́ ẹ bá yà, wọ́n á fún yín lẹ́ja."

Ìbídùn tú ọ̀já tó fi di irun rẹ̀, ó fi so fóònù rẹ̀, ó nà án sí Nurat, ó sì wọ ọkọ̀. Wọn kò tíì jìnnà tí Nurat fi sáré wá sétí omi.

"Àǹtí, fóònù yín ń dún. Ọ̀gá Jayéọlá ni."

"Jẹ́ kó máa dún."

"Bó bá bi mí ibi tẹ́ ẹ wà ńkọ́?"

"Ní kó wo máàpù."