Ilẹ̀ Ìdí Igi Mẹ́ta

Bí adájọ́ ṣe ń mumi kò tẹ́ Ìyá Àpèkẹ́ lọ́rùn. Inú ike tí orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì kan wà lára rẹ̀ ló ti ń mu ún, ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n tìtorí rẹ̀ wà ní kóòtù gan-an.

"Ṣé o rí i?" ó sọ ọ́ sí Fúnkẹ́mi létí. "Omi wọn ló ń mu."

"Màmá, gbogbo ará Ṣàngó Ọ̀tà ló ń mu omi yẹn."

"Ọmọdé ń ṣe ẹ́. Ìfura loògùn àgbà."

Aránṣọ ni Fúnkẹ́mi, ará Ìkirè tó wá ń ṣiṣẹ́ jẹun ní Joju, l'Ọ́tà. Ọdún kejì rèé tí Ìyá Àpèkẹ́ ti ta àbọ̀ pulọ́ọ̀tì fún un lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ní Ìtele, Fúnkẹ́mi sì ti kọ́lé síbẹ̀, ó ti kan òrùlé rẹ̀. Láti ìgbà tí ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀, òun ló ń bá ìyá gbé báàgì wá sí kóòtù. Ta ni kò ní í ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó yọ ọ́ kúrò nílé onílé?

Ẹjọ́ náà kò ta kókó. Látìgbà tí ṣọ́ọ̀ṣì àti yunifásítì ti ń ya wọ Ọ̀tà, oko ẹ̀gẹ́ ti di wúrà. Bàdírù, olórí ẹbí, àbúrò Ìyá Àpèkẹ́ lọ́dọ̀ bàbá, ló dá nìkan buwọ́ lùwé, tó ta gbogbo ilẹ̀ bàbá wọn fún ṣọ́ọ̀ṣì tó fẹ́ kọ́ yunifásítì síbẹ̀, tòun ti ilé tí Ìyá Àpèkẹ́ ń gbé àti ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ìyàwó mẹ́ta ni bàbá wọn fẹ́, ìdí igi mẹ́ta sì ni wọ́n. Bàdírù kò bi ìdí igi méjì yòókù léèrè.

Látọjọ́ náà ni Ìyá Àpèkẹ́ kò ti gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́. Akọ̀wé kóòtù rẹ́rìn-ín sí lọ́yà Bàdírù: wọ́n ti rà á. Wọ́n sún ẹjọ́ síwájú lẹ́ẹ̀mẹta: wọ́n fẹ́ kí òun kọ́kọ́ kú. Lọ́yà tirẹ̀ pàápàá wọ bàtà tuntun. Ta ló rà á fún un?

Adájọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìdájọ́. Ó ka òyìnbó lọ gbọọrọ, ògbifọ̀ sì sọ gbólóhùn kan péré: "Ilé ẹjọ́ ní àwọn ti gbọ́ tẹnu ìhà méjèèjì."

"Ó ti jẹ ìyókù," Ìyá Àpèkẹ́ wí.

Ògbifọ̀ túnra ṣe. "Ilé ẹjọ́ ní olórí ẹbí kì í ṣe onílẹ̀. Alámòójútó ni. Agbára rẹ̀ kò kọjá ibi tí ẹbí bá fún un láṣẹ dé. Bí àwọn àgbà ìdí igi yòókù kò bá lọ́wọ́ sí i, wọ́n lè ní kí kóòtù tú títà náà ká. Ilé ẹjọ́ ti tú u ká."

Inú Ìyá Àpèkẹ́ dùn débi pé ó gbàgbé láti fura. Ó di Fúnkẹ́mi lọ́wọ́ mú. Ó wo Bàdírù níbi tó doríkodò sí, ó ń retí kó gbójú sókè kó rí ẹ̀rín òun.

Ògbifọ̀ kò tíì parí.

"Ilé ẹjọ́ tún ní, bí olórí ẹbí kò bá lè dá a tà, kí ọmọ ẹbí má ṣe rò pé òun lè dá a tà, ì báà jẹ́ ọkùnrin, ì báà jẹ́ obìnrin. Èyí tí ọmọ ẹbí bá tà lẹ́yìn olórí ẹbí, kò sí ohun tí a ó tú ká níbẹ̀. Kò sí títà kankan láti ìbẹ̀rẹ̀."

Bàdírù gbójú sókè wàyí. Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń wò. Fúnkẹ́mi ló ń wò.

Fúnkẹ́mi rọra yọ ọwọ́ rẹ̀. Ó gbé báàgì kúrò lórí itan ara rẹ̀, ó gbé e lé ìyá lẹ́sẹ̀.

"Màmá," ó ní, ohùn rẹ̀ kò ròkè, "lọ́jọ́ tí ẹ buwọ́ lu ìwé tèmi, ta ló tún buwọ́ lù ú?"

Ẹ̀rù ba Ìyá Àpèkẹ́. Òun nìkan ló buwọ́ lu ìwé náà. Fúnkẹ́mi ń wò ó gẹ́lẹ́ bí òun náà ṣe ń wo adájọ́ láti àárọ̀.