Àga Ẹ̀gbẹ́ Gíláàsì

Láti ọdún mẹ́sàn-án tí Thad Krajewski ti jẹ́ ajubọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ Toledo, nínú eré bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fọwọ́ jù, àga kan wà nínú yàrá àwọn ìyàwó eléré, lókè pápá ìṣeré, tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó sí àfi Corinne ìyàwó rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ orúkọ sí i. Ó kàn wà láàárín gbùngbùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì, níbi tí ojú ti ń rí pápá láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Ajubọ́ọ̀lù ni gbogbo ẹgbẹ́ ń yí ká, nítorí náà ìyàwó rẹ̀ ló ń jókòó síbẹ̀. Corinne kò rò ó rí pé àga náà lè di ti ẹlòmíràn.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹrin ló kọ́kọ́ rò ó.

Ọjọ́ ìṣàyàn ni, ọjọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ máa ń yan àwọn ọmọkùnrin tó ń jáde ní yunifásítì, tí ẹgbẹ́ tó kùnà jù lọ́dún tó kọjá á kọ́kọ́ mú, tí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ á gbẹ̀yìn. Corinne ti se pierogi, oúnjẹ ìyẹ̀fun tí wọ́n ki ọ̀dùnkún sínú rẹ̀, ó ti din apá adìyẹ. Wanda, ìyá Thad, ti gba ìjókòó tó dáa jù níwájú tẹlifíṣọ̀n. Renita náà wà níbẹ̀, ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn gìrìpá tó ń dáàbò bo Thad lórí pápá, ó gbé àwo sórí itan. Ara gbogbo wọn yá gágá, torí Hostetler, ọ̀gá tó ń kó ẹgbẹ́ jọ, ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún Thad pé: "Lọ́tẹ̀ yìí, a máa wá ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù tó o bá jù gbà fún ẹ."

Ipò kọkàndínlógún ni Toledo wà lórí ìlà àwọn tó fẹ́ yàn. Ṣàdédé ni wọ́n kéde pé Toledo ti ṣe pàṣípààrọ̀: wọ́n ti fi ipò náà sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ mìíràn, pẹ̀lú ẹni àkọ́kọ́ tí wọn ì bá yàn lọ́dún tó ń bọ̀, wọ́n sì ti gun òkè lọ sí ipò kẹfà.

Corinne fò sókè. "Ẹ ò rí i! Wọ́n ń sáré lọ mú u fún ọkọ mi!"

Renita kò fò. Ó rọra gbé egungun adìyẹ sílẹ̀. "Corinne, jókòó ná. Kò sẹ́ni tó ń tìtorí ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù gbé ọdún tó ń bọ̀ sílẹ̀."

Kí Corinne tó bi í léèrè ohun tó ní lọ́kàn, wọ́n ti pe orúkọ. Tavion Boykin, láti Alabama. Ajubọ́ọ̀lù.

Corinne jókòó padà. Nínú tẹlifíṣọ̀n, ọmọkùnrin gíga kan tó wọ kóòtù aláwọ̀ ewé ń sunkún lọ́rùn ìyá rẹ̀, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ṣé ọmọ yìí mọ̀ ọ́n gbà dáadáa?" Wanda béèrè.

"Màmá, kì í gbà á," Renita dáhùn. "Jíjù ló ń jù ú."

"Thad ló ń jù ú kẹ̀."

"Ọ̀rọ̀ tó wà ńlẹ̀ gan-an nìyẹn, Màmá."

Fóònù Thad dún. Hostetler ni, ó ń pè nígbà tó ti parí ohun tó fẹ́ ṣe. Thad gbà á lọ síta. Nígbà tó wọlé padà, ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ń wá nọ́ńbà Tavion Boykin kiri.

"O fẹ́ pe ta ni?" Corinne béèrè.

"Mo fẹ́ kí i káàbọ̀. Bruckner pe èmi náà lọ́jọ́ tí wọ́n yàn mí sípò ẹ̀."

"Bruckner ọ̀hún dà báyìí?"

"Ó ń ta ọkọ̀ ojú omi ní Sandusky," Renita sọ. "Ó ti sanra gan-an."

Nígbà tí wọ́n ń fọ àwo, Renita là á yé Corinne, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò bi í. Ọmọ tuntun kì í gba owó ńlá fún ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́. Ohun tí Thad nìkan ń gbà tó láti sanwó ọmọ náà, kí wọ́n tún fi èyí tó kù ra gìrìpá méjì àti ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù gbà. "Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ẹgbẹ́ tó ń gba ife nìyẹn. Wọ́n á yan ọmọdé, wọ́n á tètè yí i ká pẹ̀lú àwọn akíkanjú kó tó dàgbà tó ẹni tó ń béèrè owó. Àwọn tó bá ń dúró dìgbà tí àgbà bá ṣubú tán, àwọn ló máa ń kùnà."

"Mi ò bi ẹ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ẹgbẹ́ o."

"Mo mọ̀. Àwo ni mò ń fọ̀."

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Thad bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọmọ náà wálé. Tavion á jẹ pierogi bí ẹni pé kò jẹun rí, àwọn méjèèjì á wá jókòó ti tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á máa wo àwọn eré àtijọ́. Keziah ìyàwó Tavion, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ inú tẹlifíṣọ̀n yẹn, á bọ́ bàtà, á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú kíṣíńnì, á máa bá ajá ṣeré. "Ilé yín tutù, Àǹtí Corinne," ló máa ń sọ. "Ọkàn èèyàn máa ń balẹ̀ níbí." Corinne á fọhùn díẹ̀, á wá lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀.

"Má wo ẹni tó o fẹ́ jù ú sí," Thad ń wí. "Ojú ẹ ni ọ̀tá ń wò. Tójú ẹ bá ti lọ síbẹ̀, òun náà á lọ síbẹ̀."

"Bọ̀ọ̀dá, ta ló kọ́ yín?"

"Àwọn tó ń já a gbà mọ́ mi lọ́wọ́ ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Tavion fi da ọtí ẹlẹ́rìndòdò sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ìlara mú Corinne. Ó ń jowú apá ọmọ náà, apá tí kò nílò kí wọ́n di yìnyín mọ́ ọn ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Ó ń jowú Keziah, tí kò tíì mọ ohun tó yẹ kó máa bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn ló dùn ún jù. Thad kò bá òun rẹ́rìn-ín báyìí láti ìgbà tí àárẹ̀ ti wọ èjìká rẹ̀, kò sì sọ ọ̀kankan nínú gbogbo ohun tó ń sọ fún ọmọkùnrin yìí fún òun rí.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó ń di yìnyín mọ́ èjìká ọkọ rẹ̀. "O ń fọwọ́ ara ẹ kó ẹrù wa síta," ó ní.

"Tí mo bá fi ohun tí mo mọ̀ pa mọ́, ṣé apá mi á di ti ọmọdé?"

"Jẹ́ kí òun náà lọ ṣubú kó tó mọ̀ ọ́n."

Thad wo èjìká rẹ̀. "Ó ń dùn mí, Corinne. Ṣùgbọ́n tí mo bá ń kọ́ ọ báyìí, mo máa ń gbàgbé pé ó ń dùn mí."

Corinne fa bándéèjì náà le ju bó ṣe yẹ lọ.

"Yéè!"

"Pẹ̀lẹ́," ó ní, kò sì tú u.

Nínú oṣù kẹwàá, lẹ́yìn tí wọ́n ti na Toledo léraléra, kóòṣì kéde pé Tavion ni yóò bẹ̀rẹ̀ eré ní ipò Thad lọ́jọ́ Sunday. Lọ́jọ́ náà Corinne wọ kóòtù tó dáa jù tó ní, ó dé yàrá àwọn ìyàwó kí àwọn tó ń pín ọtí tó to ife, ó sì jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ gíláàsì. Ó ti ṣètò ohun tó máa sọ nínú mọ́tò. Bí ọmọbìnrin yẹn bá fi lè sọ pé kí òun dìde, á sọ fún un pé ọkọ òun kò tíì kú.

Àwọn ìyàwó ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á rí i, wọ́n á wá máa wo àjà.

"O mà tètè dé," Renita sọ. "Àbí ìwọ lo máa ju bọ́ọ̀lù lónìí?"

"Jọ̀ọ́, gbé ẹnu ẹ kúrò lára mi."

Keziah wọlé. Kò wo àga náà rárá. Ó bu gúgúrú, ó lọ jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn lẹ́yìn pátápátá, ó fa súwẹ́tà bo orí. "Mi ò lè wò ó," ó ní. "Tí wọ́n bá pariwo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi bóyá ariwo dáadáa ni."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi Corinne. Ọ̀rọ̀ tó ti ṣètò kò ní ẹni tó máa gbọ́ ọ. Ó ti di àga náà mú ṣinṣin, ẹni tó ń bá jà kò sì mọ̀ pé àga kankan wà.

Lẹ́yìn ìsinmi àárín eré, ọkùnrin méjì nínú ẹgbẹ́ kejì gbá Tavion mọ́lẹ̀. Kò dìde. Gbogbo pápá dákẹ́ rọ́rọ́. Ní ẹ̀gbẹ́ pápá, Thad mú àṣíborí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ju bọ́ọ̀lù láti mú apá gbóná, bọ́ọ̀lù náà sì ń fò geere bí ti ìgbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Kí Corinne tó lè dá ọkàn rẹ̀ dúró, ọkàn náà ti sọ fún ọmọ tó wà nílẹ̀ pé: Wà níbẹ̀. Má dìde mọ́.

Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló gbé Keziah wá. Ó sáré dé iwájú, kò sí àyè mìíràn níbi gíláàsì, ó bá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà. "Àǹtí Corinne, kí ló dé tí wọn ò pariwo? Kí ni wọ́n ń ṣe fún un?"

Gbogbo yàrá ń wo Corinne. Ó lè sọ pé òun kò mọ̀. Ó wo Thad, ó wò ó pẹ́, ó rí bí apá rẹ̀ ṣe ń lọ sókè.

"Má wo àwọn dókítà," ó sọ, ohùn rẹ̀ le koko. "Wo orúnkún ẹ̀. Ó ń ká a, àbí? Tó bá ti lè ká a, èémí lásán ló sá lọ lára ẹ̀. Ó máa dìde."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Èmi tí mo ti wo ọkọ tèmi nílẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà."

Tavion dìde. Ariwo sọ. Thad gbé àṣíborí rẹ̀ padà sórí bẹ́ǹṣì, ó sì ń pàtẹ́wọ́. Corinne rí i pé àtọkànwá ló ń pa á, èyí sì ta á lára ju bí ì bá ṣe ta á tí inú bá ń bí ọkọ rẹ̀.

Keziah ti di orúnkún Corinne mú, ó ń sunkún.

"Dìde nílẹ̀, gúgúrú ti bá ṣòkòtò ẹ jẹ́."

Ọmọbìnrin náà fẹ́ padà sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Corinne kùn, ó sún díẹ̀ lórí àga. "Ìdajì nìkan ni o. Má sì fara tì mí."

Renita fi ife bo ẹnu.

Keziah jókòó, ó sì fara tì í. "Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe báyìí, Àǹtí?"

Corinne fẹ́ dákẹ́. "Ìgbìyànjú kẹta nìyí," ó ní níkẹyìn. "Tí àwọn tiwa ò bá dé ibi ilà yẹn, wọ́n á gbé bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kejì. Má wo ọkọ ẹ, wo àwọn gìrìpá tó wà níwájú ẹ̀…" Bó ṣe ń ṣàlàyé tó ni inú ń bí i tó, nítorí ọmọbìnrin náà ti yọ súwẹ́tà kúrò lórí, ó ń wo pápá, gbogbo rẹ̀ sì ń yé e.