Bàbá Mi Ń Jó Nínú Ṣọ́ọ̀bù Rẹ́kọ́ọ̀dù

Rẹ̀mí, jẹ́ kí n rọ́ àlá tí mo lá lóru àná fún ọ. O mọ̀ pé mò ń kó rẹ́kọ́ọ̀dù kéékèèké jọ, àwọn orin sóòlù ayé àtijọ́ ti àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà tí àwọn òbí wa fi ń jó nígbà èwe wọn. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù kan tí omi kún dé orúnkún, rẹ́kọ́ọ̀dù sì léfòó káàkiri bí ewé òṣíbàtà. Bàbá mi tó ti dolóògbé ló ń tajà níbẹ̀. Wọ́n ti padà di ọ̀dọ́, ṣòkòtò ẹlẹ́nu tóóró ló wà nídìí wọn. Ni mo bá rí orin tí mo ti ń wá láti ọjọ́ yìí, èyí tí àwọn àti màmá mi jó lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé.

Mo ní, "Bàbá, ẹ tà á fún mi."

Wọ́n ní, "Èyí kì í ṣe títà, jíjó ni."

Wọ́n gbé e sórí ẹ̀rọ, wọ́n na ọwọ́ bí ẹni di ènìyàn mú, wọ́n sì ń jó. N kò gbọ́ ohùn kankan, àmọ́ ẹsẹ̀ mi mọ orin náà.

Omijé ni mo fi jí. N ò mọ ohun tó túmọ̀ sí o. Mo pe màmá mi, mo rò ó fún wọn. Wọ́n wá bi mí pé, "Ta ni wọ́n ń bá jó?"

"Kò sẹ́nì kankan, Mà. Àwọn nìkan ni."

Màmá mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ó kúkú dáa bẹ́ẹ̀."