Oríkì Ìmpálà ní Temple Hills

Ní àárọ̀ Sátidé tí Joshua fẹ́ wá wo mọ́tò tí wọ́n ń tà nílé wọn ní Temple Hills, ní Amẹ́ríkà, ọkàn Babáwálé ò balẹ̀ rárá. Ìmpálà ọdún 1965 ni, pupa fòò. Irú ẹ̀ ni oníṣòwò kòkó kan ń gùn ní Ìbàdàn nígbà èwe rẹ̀, tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sáré tẹ̀lé eruku rẹ̀. Ṣùgbọ́n Bísọ́lá ìyàwó rẹ̀ ti fi àáké kọ́rí pé títà ni, kí gárééjì àwọn lè gbà wọ́n. Babáwálé fi ẹnu gbà. Ọkàn rẹ̀ ò bá ẹnu lọ.

Joshua, ọmọ ìjọ wọn tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà níbí, dé láti ìlú Greenbelt. Ó dọ̀bálẹ̀ ìdajì, bí ẹni tí ń wá ohun tó bọ́ sábẹ́ àga.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?"

"Dán an wò."

Joshua yí kọ́kọ́rọ́. Mọ́tò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Ó tún yí i. Òfo. Babáwálé gbójú sókè ọ̀run kí ẹ̀rín má baà bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹsẹ̀ ni wọ́n máa ń fi tẹ tọ́tù tó ń fa epo díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n tó yí kọ́kọ́rọ́, oríkì tí òun fúnra rẹ̀ kì fún mọ́tò náà ló sì fi ń wọn títẹ̀ ọ̀hún. Bí òun bá ti panu mọ́, mọ́tò ò kúrò nílé nìyẹn.

"Bàbá Tolúlàṣẹ," Bísọ́lá ké láti ẹnu ọ̀nà, "ẹ ò ní kí i ni?"

"Kí ta? Mọ́tò?"

"Ẹni tẹ́ ẹ máa ń kí kẹ́ ẹ tó kí mi!"

"Ara rẹ̀ ò yá lónìí."

Joshua gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì. "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, Mọ́mì. Ó ti kọ̀ndẹ̀mù. Màá kàn gé ìdí ẹ̀, kí n fi ṣe àga pálọ̀."

"Kí lo wí?" Babáwálé bi í. "Àga?"

"Àga, sà. Ó máa dáa gan-an."

Ẹ̀jẹ̀ Babáwálé ru. "Kúrò níbẹ̀!" Ó wọlé jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ lé tọ́tù:

"Ìmpálà, ọmọ ẹran orí ọ̀dàn Áfíríkà!
Ọdún 1958 lo dáyé, abẹ́ orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ Bel Air lo ti kọ́kọ́ rìn,
ó di ọdún kejì, o dá ilé tìrẹ sílẹ̀,
o na ìyẹ́ gbọọrọ bí àwòdì!
Ní 1965, àwọn tó rà ọ́ lé ní mílíọ̀nù lọ́dún kan ṣoṣo!
Olójú ẹ̀yìn mẹ́fà, arógìnnì lójú títì…"

Ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì bú ramúramù. Ajá aládùúgbò sá wọlé.

"Ó wà láàyè!" Joshua ń fò. "Mo ti rà á, sà!"

Ìgbà náà ni Babáwálé tó mọ ohun tí ẹnu rẹ̀ ṣe. Bísọ́lá pàtẹ́wọ́. "Ẹnu yín lẹ fi tà á o. Ẹnikẹ́ni ò bá yín dá sí i."

"Joshua," Babáwálé ní, ohùn rẹ̀ ti rọ̀, "o ò lè wà á lọ. O ò mọ oríkì ẹ̀."

"Ẹ kọ́ mi, sà. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ."

Babáwálé ò dúró gbọ́ ẹ̀ẹ̀kejì. Ó ti sún sí àga ẹ̀gbẹ́ kí Joshua lè wà á.

"Ìgbà wo lẹ máa dé?" ni Bísọ́lá béèrè.

"Ó dìgbà tó bá mọ̀ ọ́n kì!"

Ní kọ́nà àkọ́kọ́, mọ́tò kú. Joshua kì í kó lè tún jí, àmọ́ ó gbé 1958 sí ipò 1965, títẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì bá a mu mọ́. Babáwálé fara ti àga, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀kọ́ yìí ò ní tètè parí.