Ẹni Tó Ń Wá Yàrá

Ajẹ́ńtì tó ń báni wá ilé pọ̀ nílùú, ṣùgbọ́n Arínká ni àwọn olówó máa ń rán bí wọ́n bá fẹ́ mọ àdúgbò tí wọ́n ti lè ra ilé tí wọ́n máa fi háyà. Ọgbọ́n tirẹ̀ ò le. Á ki ẹsẹ̀ bọ bàtà tó ti jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́, á wọ àdúgbò, á ní òun ń wá yàrá tí òun àti ìyàwó òun máa gbé. Ta ló máa purọ́ fún ẹni tó fẹ́ di ará ilé rẹ̀? Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìyàwó ọ̀hún gan-an ò sí níbì kankan.

Lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ó bá ìyá aránṣọ kan nídìí máṣíìnì lẹ́nu ọ̀nà ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Ìyá gbé àga fún un, ó sì tú gbogbo ọ̀rọ̀ ikùn rẹ̀ sílẹ̀.

“Omi kì í dá níbí, ọmọ mi. Kò sólè, gbogbo wa la mọra. Látìgbà tí ọkọ mi ti wà láyé, onílé ò fi kọ́bọ̀ kún owó ilé. Yàrá kan ṣófo lẹ́yìn. Màá bá ẹ bẹ̀ wọ́n, wọn ò ní gbé e fún ẹlòmíì.”

Arínká dúpẹ́ títí. Ó kúrò níbẹ̀, ó lọ rò ó fún ọ̀gá tó rán an: omi wà, àlàáfíà wà, owó ilé kéré, àyè sì wà dáadáa láti fi kún un. Kò pẹ́ tí ilé fi bọ́ sọ́wọ́ ọ̀gá.

Láti ọjọ́ náà ni ara ò ti rọ Arínká mọ́. Ojú ń tì í. Ó ní bí òun ò bá sọ, ẹlòmíì á sọ, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ò gba ara rẹ̀ gbọ́. Níkẹyìn ó gbéra, ó fẹ́ lọ jẹ́wọ́ fún ìyá, bó bá fẹ́ kó gbá òun létí.

Nígbà tó débẹ̀, máṣíìnì ti wà lórí ọmọlanke, ìyá sì ń so ẹrù mọ́ ọn. Bí ìyá ṣe rí i, ńṣe ló gbé ojú sá fún un.

“Ọmọ mi, jọ̀ọ́, má bínú sí mi. Mo ṣèlérí fún ẹ, mi ò lè mú un ṣẹ. Wọ́n ti ta ilé. Iye tí wọ́n ń pè báyìí, agbára tèmi gan-an ò ká a. O sì lè ti sọ fún ìyàwó ẹ pé ẹ ti rílé. Mo dójú tì ẹ́.”

“Ìyá, èmi ni…” ni Arínká bẹ̀rẹ̀.

“Má wulẹ̀ sọ nǹkan kan. Mo mọ̀ pé ó dùn ẹ́.” Ìyá di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. “Ọlọ́run á fún ẹ nílé tó dáa ju eléyìí lọ.”

Ìyá ń wò ó lójú, ó ń dúró kó ṣe àmín sí àdúrà.

“Àmín, Mà,” ni Arínká wí, ó sì bá a ti ọmọlanke náà dé títì.