Ìdérí Kànga Ọ̀ṣẹ́nì

Àtìgbà tí Ọ̀ṣẹ́nì ti kó sí kànga ilé rẹ̀ ní Ṣakí ni irin ò ti gbọ́ràn sí Ràsáàkì lẹ́nu mọ́. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń fi iná jó irin pọ̀. Bí iná bá ti pẹ́ lójú kan, Ọ̀ṣẹ́nì á pariwo pé, "Ó tó! Bọ́ sódìkejì!" Ràsáàkì á sì lọ jó ọ̀kánkán ibẹ̀, kí irin má baà ká. Wọ́n ti gbé òkú jáde, wọ́n ti sin ín, àmọ́ ẹ̀rù ṣì ń ba Ràsáàkì láti wo ibi tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń dúró sí.

Àdìjátù, opó Ọ̀ṣẹ́nì, ló bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe ìdérí irin fún kànga náà, torí Bàṣírù ọmọ rẹ̀ ti ń rìn tẹ̀ẹ̀tẹ̀ẹ̀. Ẹbí ò gbà kí wọ́n dí i. Baba ńlá wọn ló gbẹ́ ẹ.

Ràsáàkì wá ń kánjú kí wọ́n tó mú iná lọ. Ó jó irin pẹlẹbẹ náà mọ́ férémù láìsinmi rárá. Nígbà tó fi máa tutù, ó ti ká bí ewé gbígbẹ. Wọ́n gbé e lé kànga, ó ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀, àlàfo sì wà létí rẹ̀. Bí ọmọ bá gun etí rẹ̀, ó di gbére. Àdìjátù ò ráhùn, ṣùgbọ́n ojú ti Ràsáàkì.

Ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ó jó igun kan díẹ̀, ó fẹ́ máa fà á lọ, ló bá gbọ́ ọ ketekete lẹ́yìn rẹ̀: "Ó tó! Bọ́ sódìkejì!"

"A'ùsù bíllàhi!" Ó bojú wẹ̀yìn, kò séèyàn. Síbẹ̀, ó bọ́ sódìkejì. Wọ́n mú iná lọ, ó dúró; iná dé, ohùn náà tún dé. Báyìí ni òkú àti alààyè ṣe jó irin náà tán.

Lọ́tẹ̀ yìí, ìdérí lẹ̀ mọ́ ẹnu kànga pẹ́kípẹ́kí. Ràsáàkì gun un, ó fò lórí rẹ̀, kò mì.

Àdìjátù kúnlẹ̀, ó ń fọwọ́ wá etí irin náà kiri. "Bàbá Fàtímọ̀, àlàfo ọjọ́sí ńkọ́?"

"Mo ti tún un ṣe, Ìyá Bàṣírù. Kò sí mọ́."

"Ibẹ̀ ni mo ti ń bá a sọ̀rọ̀. Ó máa ń dá mi lóhùn."

Àdìjátù sunkún títí. Nígbà tó yá, ó gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n, ó nawọ́ gba àgádágodo lọ́wọ́ Ràsáàkì, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ ti ọkọ rẹ̀ mọ́ ibẹ̀.